Mọ́tò Tó Ń Fẹ̀yìn Gun Òkè Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọjọ́ Ajé, 1 Òkúdù 1914
Ikùn-Àgbá — ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Hobart — pè mí wọlé. Ó ní, "Wendell, látìgbà tóo ti ń ta mọ́tò, o ò tíì ta táyà kan. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí ẹnì kankan ò rà, padà sọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ, kóo lọ máa tu ìyẹ́ adìyẹ." Mo kórìíra adìyẹ. Àwọn náà ò fẹ́ràn mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2
Mo rí oníbàárà! Ìyáàfin Orpha Tibbets, opó tó ní oko àgbàdo lẹ́yìn odò. Ẹṣin rẹ̀ ti darúgbó. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ — kí mọ́tò gbé òun gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Òkè wo, Mà? Mọ́tò yìí á gun òrùlé!" Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 4
Mo gbé Ìbáaka (orúkọ tí mo sọ mọ́tò náà nìyẹn) lọ dán òkè wò. Ó kú láàárín ọ̀nà. Mo tún ṣíná sí i, ó tún kú. Epo wà o — àmọ́ abẹ́ ìjókòó ni táńkì wà. Bí imú mọ́tò bá ti gbé sókè, epo kì í ṣàn dé ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ń kó koríko kọjá dúró wòran, wọ́n ń pariwo pé, "Lọ ra ẹṣin, jàre!" Ojú tì mí dé ìka ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 5
Mo kọ ìdí mọ́tò sí òkè kí epo lè ṣàn wá síwájú, mo fẹ̀yìn gùn ún. Ó gun òkè wẹ́rẹ́! Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe sọ ọ́ fún opó?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6
Ọrùn ń dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú, 7
Ìyáàfin Tibbets jókòó, fìlà oníyẹ́ ẹyẹ lórí. Nísàlẹ̀ òkè mo yí mọ́tò padà. "Ọmọ yìí, ṣé ilé là ń lọ ni?" Mo ní, "Rárá, Mà. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè ní Chicago nìyí." Irọ́ gbuu, lọ́jọ́ Olúwa.

A ń fẹ̀yìn lọ. Ta ló ń tẹ̀ lé wa bọ̀? Ìyáàfin Lavinia Crouse, tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin méjì gbọn eruku sí opó yìí lójú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Eruku wa ló ń jẹ lónìí. Ó ń wúkọ́, ó ń sín, àwọn méjèèjì sì kọjú síra wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Mo ti pinnu pé n ó jẹ́wọ́. Kí n tó la ẹnu, opó ti di apá mi mú, omijé ẹ̀rín lójú. "Mo rà á! Ká ní iwájú ló kọ sí ni, ǹjẹ́ ǹ bá rí ojú Lavinia? Tó bá lè fiwájú rìn, ìyẹn ò kàn mí."

Ọjọ́ Ajé, 8
Mo bọ́ lọ́wọ́ adìyẹ! Inú mi dùn dé góńgó. Ikùn-Àgbá ń dì mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí Ìyáàfin Crouse já wọlé.

"Èwo nínú mọ́tò yín ló ń fẹ̀yìn sáré ju ti Orpha lọ?"

Ọ̀gá wo àjà. Èmi ní, "Gbogbo wọn, Mà."

Ó ra ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. Òun àti opó á jọ fẹ̀yìn gun òkè lọ́jọ́ Àìkú, láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé. Kò sí èyí tó mọ bíréèkì tẹ̀ nínú wọn. Pásítọ̀ ti gbọ́. Ó ti ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ gbayawu, kí gbogbo ìjọ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.