Ìjàkadì Nínú Yàrá Màámi

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kẹjọ

Ìsinmi ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kò sí ọmọ ẹlòmíràn tí mò ń kọ́ lọ́rùn mi mọ́ — Tolú ọmọ mi nìkan ló kù, àti Ọ̀gágun. Ọ̀gágun ni ìyá ọkọ mi. Màámi ni mò ń pè wọ́n lójú. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti fi wọ́n joyè. Oyè náà sì yẹ wọ́n. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú tí dókítà sì ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún wọn, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń mí nílé yìí láìgbàṣẹ.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń rẹ̀wẹ̀sì, ó sì ń dùn mí. Ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí àwọn òyìnbó ti ń gbé ara wọn là mọ́lẹ̀ — Màámi fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Dekódà tó wà ní pálọ̀ ló máa ń gbà á sílẹ̀ fún wọn bí wọ́n bá ti sùn, wọn á wò ó lówùúrọ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín. Ní báyìí, ìjà ti kún inú dekódà fọ́fọ́, ẹni tó ni ín sì ń wo àjà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù kẹjọ

Herbert wá. Òun ni ọsibítù ń rán wá láti kọ́ Màámi ní ìrìn. Ó fà mí sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní egungun ti jinná, ẹ̀rù ló kù. Tí wọn ò bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, ẹsẹ̀ á le, wọ́n lè má rìn mọ́.

Ó ní kí Màámi dìde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Ẹsẹ̀ mi ò sí nílé lónìí." Herbert rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o.

Mo ti rò ó. Inú wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dùn. Tí wọn ò bá lè lọ bá ìjàkadì, ìjàkadì á wá bá wọn.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù kẹjọ

Mo tẹ gbogbo ibi tó ṣeé tẹ̀ lára dekódà yẹn. Ṣé ẹ rí nǹkan! Ó lè fi ohun tó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Láti ara ráútà, inú afẹ́fẹ́ ilé báyìí. A ti ní in látọjọ́ yìí, a ò mọ̀! Tábúlẹ́ẹ̀tì Tolú wà ńlẹ̀. Ọ̀la ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù kẹjọ

Kò ṣiṣẹ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì ní òun ò rí dekódà kankan. Ó sì wà níwájú ẹ̀ gbàgàdà. Inú bí mi débi pé ẹ̀wà jóná mọ́ mi lórí iná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù kẹjọ

Ó TI ṢIṢẸ́!

Bàbá Tolú ló fà á. Màìfáì, ẹ̀rọ ìntánẹ́ẹ̀tì kékeré tó máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, ni tábúlẹ́ẹ̀tì ń lò, ti dekódà sì ni ráútà ilé. Ilé kan náà ni wọ́n wà, wọn ò sí nínú agbo kan náà. Bí mo ṣe yí i sí ti ráútà báyìí, ìjà là sójú rẹ̀ yàà. Mo pariwo. Tolú sáré wá, ó rò pé ejò ni.

Èyí tó dùn jù — kò jẹ dátà! Inú ilé ló ti ń bọ̀, inú ilé ló ń lọ. Bàbá Tolú ní irọ́ ni. Mo yọ síìmù kúrò nínú ráútà níṣojú ẹ̀. Ìjà ń lọ bó ṣe ń lọ. Ọkọ mi fọwọ́ bo ẹnu. Mo jó yí i ká.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kẹjọ

Ẹnu ọ̀nà yàrá Màámi ni ìjà náà dúró sí. Bàbá ọkọ mi, Ọlọ́run á kẹ́ wọn, òkúta gidi ni wọ́n fi mọ yàrá yẹn, bíi pé ogun Dàhòmì ṣì ń bọ̀. Nẹ́tíwọ́kì ò lè kọjá.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù kẹjọ

Mo lọ sọ́jà Kútọ̀. Ọmọkùnrin tó ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà ní rìpítà ni mo nílò — nǹkan kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó ń gba nẹ́tíwọ́kì lọ́wọ́ ráútà, tó sì ń tì í síwájú. Mo rà á. Iná ò sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ara mi ò balẹ̀.

Ọjọ́rú, 14 oṣù kẹjọ

Iná dé! Mo ki rìpítà bọ ara ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà Màámi. Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé wọn lẹ́sẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Mo ṣáà tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n wò ó. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ibo ni wọ́n gbà wọlé?" Mo ní ẹ̀yìn ògiri ni. Ká tó wí, ká tó fọ̀, wọ́n ti ń na ìka sí Onírungígùn — oníjà tí wọ́n fẹ́ràn jù nìyẹn, àwọn ló sọ ọ́ lórúkọ — wọ́n ń pariwo pé kó má fi ẹ̀yìn sílẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀! Ohùn tí a ò gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di orí mi mú, wọ́n wúre fún mi títí. Mo sunkún. Mo yọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n máa rìn.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù kẹjọ

Ìjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n jẹ àjẹtán. Wọ́n ń kọrin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù kẹjọ

Herbert wá. Màámi ní kó dúró kí ìjà tán. Ó dúró. Ìjà tán, wọ́n ní ó ti rẹ àwọn.

Ó wo inú yàrá yíká — fúláàsì omi gbígbóná, abọ́ ìfọwọ́, aago tí wọ́n fi ń pè wá, tábúlẹ́ẹ̀tì lórí ìrọ̀rí. Nígbà tí mo sìn ín jáde, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ọmọ Yorùbá lèmi náà. Àgbà jókòó, ọmọdé gbé e wá, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Àmọ́ ẹ ti kó gbogbo ayé wá sórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ni wọ́n fẹ́ dìde lọ mú?"

Mo bínú sí i. Mi ò tilẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀ dáadáa. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà, torí òótọ́ ni.

Ọjọ́rú, 21 oṣù kẹjọ

Mo sọ fún Bàbá Tolú nígbà tó ti Èkó dé. Ó ní ta ló máa sọ fún ìyá òun pé kí wọ́n dìde lọ gbé nǹkan fúnra wọn? Kí làwọn mọ̀lẹ́bí l'Ọ̀dẹ̀dá máa wí? Pé ìyàwó ilé ń fi ojú ìyá àwọn rí màbo. Ó ní ká ṣáà máa gbàdúrà. Oṣù ń lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù kẹjọ

Onírungígùn àti Kúkúrú máa pàdé lálẹ́ yìí, ìjà àṣekágbá. Dekódà á gbà á sílẹ̀. Màámi ti mú mi búra pé kò sẹ́ni tó máa sọ ẹni tó borí fún àwọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù kẹjọ

Kí n yára kọ ọ́.

Bàbá Tolú àti Tolú lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Màámi tan ìjà. Mo jẹ́ kí wọ́n wò ó dé ibi tí Kúkúrú ti gbé Onírungígùn sókè — mo fa rìpítà yọ kúrò lára ògiri. Mo dì í mọ́ etí ìró mi. Mo sá wọ kíṣìnì.

"Ìyàwó! Wọ́n ti dúró o!"

Mo ní nẹ́tíwọ́kì ni. Mo ní kò dé yàrá mọ́, kọ́rídọ̀ ló dé. Wọ́n ní kí n wá tún un ṣe. Mo ní ata wà lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí, mi ò tíì sọ irú ẹ̀ fún wọn rí. Wọ́n tẹ aago. Mi ò lọ. Wọ́n tún un tẹ̀. Mo di ẹnu tábìlì mú.

Ó pa lọ́lọ́. Ìgbà tó yá ni bẹ́ẹ̀dì dún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igi ìrìn tí Herbert fi sílẹ̀, èyí tí a sọ di ibi ìfaṣọkọ́ — gbì, lórí sìmẹ́ńtì. Ó dákẹ́. Gbì. Mo yọjú. Màámi fi ọ̀já de tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ àyà bí ẹni gbọ́mọ síwájú, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè di igi mú. Òógùn bò wọ́n. Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n ń bọ̀!

Ní kọ́rídọ̀, ìjà tún tan láyà wọn. Wọ́n fara ti ògiri, wọ́n tẹ àgbọ̀n mọ́lẹ̀, wọ́n ń wò ó. Kò pẹ́, Kúkúrú ti wà nílẹ̀, rẹfirí ń ka iye lé e lórí. Màámi ní, "Ò báà dìde, kò ní í bọ́ sí i fún ọ!" Lórí ìdúró! Lórí ẹsẹ̀ ara wọn! Wọ́n wò ó tán, Onírungígùn ló borí, wọ́n sì kígbe ayọ̀.

Lẹ́yìn náà, "Ìyàwó! Àga!"

Ẹsẹ̀ mi ti sáré kí n tó mọ̀. Mo gbé àga jáde, mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo kọjá lára wọn. Mo lọ gbé e kalẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Ó wà ní pálọ̀, Màámi."

Wọ́n wò mí. Irú ìwò tó lè dá ìyàwó padà sílé bàbá ẹ̀. Ojú wọn rọra sọ̀ kalẹ̀ sí etí ìró mi, níbi tí orí rìpítà ti yọ síta.

Wọ́n ní, "Kúrò lọ́nà."

Mo kúrò lọ́nà.