Ọ̀nà Tí Mọ́tò Kì Í Gbà

Màámi ọ̀wọ́n, ẹni tí n kò tíì kí tán,

Ọmọ yín ti tún gun kẹ̀kẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹ kì í fẹ́ kí èèyàn máa fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí tírélà gbá yín lójú títì Iléṣà. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ mi kò kan pẹ́dáàlì mọ́. Bí mo bá fẹ́ sọdá títì ní Lágere, ńṣe ni mo máa ń dúró títí ẹlòmíì yóò fi dé, kí n lè rápálá tẹ̀ lé e. Bàámi náà kò dárúkọ kẹ̀kẹ́ mọ́ nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kọ́ ló ń ṣe mí. Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ rántí àárọ̀ ọjọ́ náà? Ẹ ti di àpò iṣẹ́ agbẹ̀bí yín mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ẹ ti ń fi àtàǹpàkò tẹ táyà wò bí ẹ ṣe máa ń tẹ ikùn aboyún. Èmi ni mo jáde tí mo ní kí ẹ dúró, mo ní ọ̀rọ̀ láti bá yín sọ. Mo ní kí ẹ má gun kẹ̀kẹ́ wá kí mi ní Yunifásítì mọ́, pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kò bínú. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ gbọ́ mi títí mo fi parí rẹ̀. Ẹ wá ní, “Mo ti gbọ́. Jẹ́ kí n tètè dé ọ̀dọ̀ aboyún yìí ná.” Oòrùn ti ga nígbà tí ẹ jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kìlọ̀ fún wa pé ká yàgò fún títì, ẹ̀yin tó jẹ́ pé ọ̀nà inú kòkó ni ẹ máa ń gbà lọ sí abà, kí ló gbé yín dé títì lọ́jọ́ náà? Mo sọ fún ara mi pé èmi ni mo dá yín dúró, pé ẹ ń wá ọ̀nà tó yá ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé e sáyà. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi nígbà tí mo ń bẹ̀ yín?

Ibi ìkàwé Yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n rán mi lọ sí Spéènì fún oṣù mẹ́fà, kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ìwé àtijọ́ tó ti ń gbó ṣe. Ọ̀dọ̀ opó kan ni mo dé sí, Màmá Dolores. Wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ ní London rí, torí náà a máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ra wa yé. Ọkọ wọn ló ń tọ́jú ibùdókọ̀ rélùwéè kékeré kan nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kò gba ibẹ̀ mọ́, wọ́n hú irin náà kúrò, wọ́n sì tẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ fún ẹni tó bá ń rìn àti ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́. Mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ọdọọdún ni Màmá Dolores máa ń di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tí wọ́n á fi ọjọ́ mẹ́ta rin ọ̀nà náà já.

Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀. Ní ẹ̀kẹrin, mo sọ ọ̀rọ̀ yín fún wọn.

“N kò ní sọ pé kí o má bẹ̀rù,” ni wọ́n sọ. “Ṣùgbọ́n bí o bá ṣubú níbẹ̀, ilẹ̀ lásán ni yóò gbá ọ.”

Màámi, ẹ bá wà níbẹ̀! Òkúta gàǹgà-gàǹgà lọ́tùn-ún lósì, igi ólífì lórí òkè bí ìgbà tí èèyàn to ebè, igún ń rà bàbà lókè wa. Afárá kan ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi dà bí èèrà. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti gbẹ́ inú òkè já kí ọkọ̀ ojú irin lè kọjá. Inú wọn tutù bí inú àmù, mo sì ń kígbe orúkọ ara mi kí òkè lè máa pè mí padà. Ní ọjọ́ kìíní, ọwọ́ mi kò kúrò lórí bíréèkì. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, mo ti ń kọrin.

Lọ́jọ́ kejì ni Màmá Dolores tẹ òkúta yíyẹ̀ kan tí wọ́n sì ṣubú. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn wú kíákíá, wọn kò lè fi tẹlẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nítòsí. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ọ̀nà tí mọ́tò kì í gbà, mọ́tò kò lè gba ibẹ̀ wá gbé èèyàn. Abúlé tó súnmọ́ wa jù wà ní ẹ̀yìn òkè, ẹni tó bá sì ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ojú títì fún bíi máìlì kan.

Mo jókòó tì wọ́n, mo ń sunkún. Wọn kò ní kí n lọ, ìrora ni wọ́n ń gbé mì. Bí mo ṣe rí i pé wọ́n ń tọ́jú ìrora wọn nítorí mi, mo dìde, mo gun kẹ̀kẹ́ mi.

Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ló kọjá lára mi lójú títì náà. Èkejì kó òkúta, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi sínú kòtò. Mo pe orúkọ yín, mi ò sì dá ẹsẹ̀ dúró. Mo dé abúlé pẹ̀lú aṣọ tó lẹ̀ mọ́ mi lára.

N kò gbọ́ èdè wọn. Mo di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, mo ń pariwo, “Dolores! Dolores!” Àwọn ará abúlé bá gbé àga fún mi, wọ́n bu omi fún mi, obìnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró wọ́ mi lẹ́sẹ̀! Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ pé “ìrora” ni orúkọ náà túmọ̀ sí lédè wọn. Bàbá àgbà kan ló wá wo ibi tí mo ń nawọ́ sí, tó mi orí, tó sì fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ jáde. Orí rẹ̀ ni Màmá Dolores gùn dé abúlé. Nígbà tí mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn ṣubú lẹ́ẹ̀kejì.

Mo dé ilé bá ọ̀wọ́n epo bẹntiróòlù. Títì dá páropáro, àwọn èèyàn ti ń nu eruku ara kẹ̀kẹ́ wọn. Èmi náà ra àlòkù kan ní Modákẹ́kẹ́. Ní Sátidé tó kọjá, mo gba ọ̀nà inú kòkó lọ sí abà tí ẹ ń lọ lọ́jọ́ náà. N kò mọ ohun tí mo ń wá. Mo béèrè obìnrin tó ń rọbí nígbà yẹn, wọ́n sì mú mi lọ bá a níbi tó ti ń sá kòkó.

Mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde, ó kọ̀.

“Àwa la pa màmá yín,” ló sọ. “Omi ti gbé igi afárá ọ̀nà inú kòkó lọ láti àná ọjọ́ náà. Ọkọ mi ló lọ bá wọn ní ìdájí, ó ní kí wọ́n gba títì wá, torí kò sí ọ̀nà míì. Ó ti wù wá ká wá bẹ̀ yín, ojú ń tì wá.”

Láti ìdájí, Màámi. Kí n tó jí ni ẹ ti mọ̀ pé títì ni ẹ máa gbà. Èmi náà kúnlẹ̀ tì í. Mo ní, “Ẹ ò pa ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó pa wọ́n nínú wa.” A di ara wa mú, a sunkún títí àwọn adìẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kòkó rẹ̀ jẹ.

Ó ní òun dá bí ọmọ náà ni, ohun tí ẹ ti kọ́ òun tẹ́lẹ̀ ni òun ń ṣe ní ìkọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin ni. Ó ti ga dé èjìká mi, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀ga.

Mo dé ilé wa ní Ìlódè ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó ti Bàámi, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ohun tí mo bá yín sọ lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n dìde, wọ́n lọ síbi tí mo fi kẹ̀kẹ́ tì, wọ́n ká sòkòtò wọn sókè.

“Bá mi dì í mú dáadáa,” ni wọ́n sọ. “Má sì fi sílẹ̀ àfi bí mo bá ní kí o fi sílẹ̀.”

Mo ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yí àgbàlá ká. Nígbà tí a yí i ká lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀.

Èmi ọmọ yín, tí ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́, tó sì fẹ́ràn yín lónìí ju ti àná lọ.