Fìtílà Tí Mo Ní Mo Ti Tan

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìtọ́jú Bàbá. Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà yìí. Ẹ bá mi kí Bàbá, mo mọ̀ pé wọ́n á ti fa àga wọn sún mọ́ yín báyìí kí wọ́n lè gbọ́ lẹ́tà dáadáa. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Adébọ̀wálé àti ìyàwó wọn. Ẹ kí àwọn ọmọ kéékèèké tí ẹ ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ara mi le, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Lẹ́tà yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ máa ń fi han àwọn aládùúgbò, síbẹ̀ mo ti ní kí ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè kà á. Iwájú èrò ni irọ́ tí mo pa fún yín ti di ńlá, mi ò lè wá máa tún un ṣe ní kọ̀rọ̀. Bí mo bá sì ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, mo mọ ara mi, màá ti bu díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí n tó parí gbólóhùn àkọ́kọ́. Ojú ń tì mí, Ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí n lè rí ọ̀rọ̀ yòókù kọ.

Ẹ mọ̀ pé Thamesmead ni mo ń gbé, ní yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún omi Birchmere Park. Òtútù ibẹ̀ kò jọ ọyẹ́ tiwa rárá. Ọyẹ́ á la ètè èèyàn, oòrùn á yọ, ó tán. Tibí máa ń bá atẹ́gùn odò wá, á wọ inú kóòtù, á sì jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló ń dà mí láàmú jù. Àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni. Ní Ìkirè, èèyàn ò lè lọ ra iyọ̀ kó má kí ẹni mẹ́wàá. Níbí, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì nìkan ni mo máa ń kí kí n tó dé ibi iṣẹ́, òun náà á kàn mi orí. Ohùn yín lórí fóònù ló wá di oúnjẹ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìròyìn ayọ̀ kiri tí màá fi mú inú yín dùn, kí ẹ má baà tètè gbé fóònù kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbà wọlé.

Mo ti sọ̀rọ̀ Mọ́mì Savitri fún yín, ìyá ará Íńdíà tí mo máa ń lọ tọ́jú láràárọ̀ ní Glyndon Estate, láàárín Woolwich àti Plumstead. Ọkọ wọn ti kú. Ojú wọn méjèèjì ti fọ́, ọwọ́ wọn sì máa ń gbọ̀n. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, bíi tiyín, wọ́n sì ní sùúrù olùkọ́ àti àgídí rẹ̀ pọ̀. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, tí mò ń wọṣọ fún wọn, tí mò ń fún wọn ní oúnjẹ àárọ̀ àti òògùn wọn. Lẹ́yìn náà, màá mú wọn lọ sí igun ilé ìdáná, níbi tí pẹpẹ kékeré kan wà. Ère kan wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú fìtílà idẹ tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹni tó bá ń tọ́jú wọn á bu bọ́tà yíyọ́ sí fìtílà náà, á ki òwú bọ̀ ọ́, á tan án. Mọ́mì á wá jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n á máa ka ọ̀rọ̀ ìwé mímọ́ wọn tí wọ́n ti há sórí láti kékeré. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni wọ́n. Ọ́fíìsì wa ti kọ fìtílà yẹn mọ́ iṣẹ́ tí mo gbọ́dọ̀ ṣe.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo pè yín. Ẹ ní kí n má fọwọ́ kan iná òrìṣà. Ẹ sì sọ gbólóhùn kejì, èyí tí mo ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́: ẹ ní kí n lọ bá ọ̀gá mi, kí n sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀sìn mi ò gbà mí láyè, kí wọ́n lè wá ẹlòmíràn fún iṣẹ́ yẹn. Mo ní ó dáa, mà. Mi ò lọ. Ẹ̀rù fíísà bà mí, nítorí ọwọ́ àwọn tó gbà mí síṣẹ́ ló wà. Ohun kejì ni pé a ò tọ́ wa láti kọjú sí àgbà kí a ní a ò ní ṣe nǹkan tí wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wá. Nítorí náà mo ṣe èyí tó burú ju kíkọ̀ lọ. Mo ṣí agolo bọ́tà náà kí wọ́n lè gbọ́ dídún rẹ̀, mo dé e padà, mo ní mo ti tan án, Mọ́mì. Wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kọjú sí fìtílà tí kò ní iná.

Àtìgbà tí ewé igi ti ń já bọ́ títí igi fi tún rúwé ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù iṣẹ́ pé mo ti ràn wọ́n lọ́wọ́ nídìí àdúrà. Lójoojúmọ́ sì ni mò ń kúnlẹ̀ kí wọn bí mo bá wọlé, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Wọ́n fẹ́ràn ìkúnlẹ̀ yẹn. Wọ́n ní àwọn máa ń gbọ́ bí orúnkún mi ṣe ń kan ilẹ̀, pé kò sí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún àwọn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí àwọn ti dé ìlú yìí. Ẹ wo irú èèyàn tí mo dà.

Bí mo bá ń fi ìpara pa ẹsẹ̀ wọn, wọ́n máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa ìwé mímọ́ yẹn. Èmi ti rò pé ère ni gbogbo rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Wọ́n ní rárá o. Wọ́n ní èyí tó pẹ́ jù nínú rẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Iwájú iná ní gbangba ni àwọn èèyàn ìgbà náà ti ń kọrin ìyìn, wọn ò ní ère nínú ilé ìdáná. Lẹ́yìn wọn ni àwọn kan lọ ń jókòó ti olùkọ́ nínú igbó, tí wọ́n ń béèrè pé, ta ni ẹni tó ń fi ojú mi ríran? Ara ń gbó, orúkọ ṣeé pààrọ̀, ìrònú ń wá, ó ń lọ. Ẹnìkan wà nínú tó ń wo gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Àwọn yẹn ní ẹni náà gan-an ni ìwọ, òun àti Ẹni tó gbé ayé ró kò sì yàtọ̀. Mọ́mì ní àwọn ti dán an wò nínú ara àwọn. Ẹni tó mọ̀ pé ojú òun ti fọ́, wọ́n ní ẹni yẹn ò fọ́jú.

Mo bi wọ́n bóyá ẹ̀rí-ọkàn ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ẹ̀rí-ọkàn máa ń bá èèyàn jà, ó sì máa ń gba ẹ̀bẹ̀. Ẹlẹ́rìí tí àwọn ń sọ kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ń rí i ni. Mo tètè dé ìgò ìpara.

Ọmọ wọn ọkùnrin, Dilip, tí àwa méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, máa ń wá lọ́jọ́ Sátidé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ọlọ́yàyà sì ni. Òun gbà pé gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń rí lónìí ti wà nínú ìwé mímọ́ wọn tipẹ́, títí kan ọkọ̀ òfuurufú. Á gbé fídíò síwájú mi. Mọ́mì á bi í pé ibo ló wà nínú ìwé, á ní ọkùnrin inú fídíò mọ̀ ọ́n. Ó tún máa ń sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní tẹ́ḿpìlì wọn lónìí náà ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Mọ́mì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ àwọn èèyàn ló ń fi nǹkan kún un láti ìran dé ìran, ère, òdòdó, ọdún, fìtílà, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní ẹni tó bá rò pé fìtílà ni gbogbo ẹ̀sìn náà, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ń béèrè rẹ̀ láràárọ̀ nígbà náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkàn àwọn máa ń rìn bí ewúrẹ́ tí a ò so, iná yẹn ni okùn rẹ̀.

Ẹ mọ ohun tí mo gbọ́ nínú gbogbo èyí? Mo gbọ́ pé fìtílà ò ṣe pàtàkì. Mo mú ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, mo sọ ọ́ di àwáwí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ bi mí bóyá ìyá yẹn ṣì ń bọ òrìṣà rẹ̀. Mo ní iná ò sí nínú fìtílà wọn mọ́. Òótọ́ ni, òótọ́ tó burú ju irọ́ lọ. Ẹ ké Halelúyà, ayọ̀ yín sì dùn létí mi débi pé mo fi kún un. Mo ní wọ́n ń béèrè nípa Jésù. Lọ́sẹ̀ kejì mo ní a ti jọ gbàdúrà. Kò pẹ́ tí mo fi ní wọ́n ti gba Jésù. Ẹ wá bọ́ síwájú ìjọ lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ẹ jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti ipasẹ̀ ọmọ yín gba ọkàn kan là ní London. Ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ. Mo gbọ́ bí ìjọ ṣe ń pàtẹ́wọ́, mo gbọ́ bí ẹkún ayọ̀ ṣe gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Mo sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí mi ò tíì dé ibi tí mò ń lọ, mo sì fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ní Sátidé kan, Dilip tètè dé. Mi ò gbọ́ ìlẹ̀kùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé mo ti tan án, Mọ́mì sì ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, nígbà tí mo yíjú tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ń wo ìyá rẹ̀, ó ń wo fìtílà. Eruku ti bo òwú inú rẹ̀. Kò pariwo. Ó dúró kí wọ́n parí, ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé ó ti tó ìgbà wo. Ó ní òun máa pe ọ́fíìsì, pé ẹni tó lè lo ojú fífọ́ ìyá òun láti rẹ́ wọn jẹ, kí ló kù tí kò lè ṣe?

Mọ́mì ló dá a lóhùn. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì. Bọ́tà yẹn ní òórùn bó bá ń jó, ooru rẹ̀ sì máa ń kan àwọn lójú. Dilip béèrè ìdí tí wọn ò fi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó wà lára iṣẹ́ olùkọ́ láti dúró kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí tó pa mí. Wọ́n ní kì í ṣe sùúrù nìkan. Inú kọ́kọ́ bí àwọn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn sì fi sunkún lẹ́yìn tí mo bá ti lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé àwọn ni àwọn ti ń kọ́ ẹlòmíràn pé fìtílà kọ́ ni ohun tí à ń wá, ìgbà tí mo fi du àwọn ni àwọn tó rí i pé ọkàn àwọn so mọ́ ọn bíi ti ọmọdé. Ojú ló ń ti àwọn láti jẹ́ kí Dilip gbọ́ ọ. Ìyá tí mo purọ́ fún ń tijú, èmi tí mo purọ́ dúró síbẹ̀ bí igi.

Mo kúnlẹ̀. Mọ́mì ní kí n dìde, pé àwọn ò fẹ́ ìkúnlẹ̀ lónìí. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ ohun tí ẹ ní kí n sọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní: mo ní Kristẹni ni mí, mi ò lè fi ọwọ́ mi tan iná yẹn, ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi sọ ọ́. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní mo ṣeun, pé ohùn mi yàtọ̀ sí bó ṣe máa ń rí.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ sí ọ́fíìsì fúnra mi. Ọ̀gá mi, ọmọbìnrin Yorùbá kan tí wọ́n bí síbí, ka gbogbo ohun tí mo ti ń tẹ̀ sínú fóònù. Ó ní, Auntie, kí ló dé tí o ò kàn sọ? Àwọn ọmọ ibí ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yin pe àgbà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mi ò lẹ́nu àtibá a wí. Ó ní ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń sọ pé ẹ̀sìn àwọn ò gba nǹkan kan, òun á sì wá ẹlòmíràn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fún mi ní lẹ́tà ìkìlọ̀ nítorí àkọsílẹ̀ èké. Mo fọwọ́ sí i.

Mọ́mì ní kí wọ́n má gbé mi kúrò. Dilip ló ń yà láràárọ̀ wá tan fìtílà náà báyìí kó tó lọ síbi iṣẹ́, èmi á jókòó sí pálọ̀ títí wọn á fi ṣe tán. Mo máa ń gbàdúrà tèmi níbẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń gbìyànjú láti wo ara mi bí Mọ́mì ṣe sọ, láìjà, láìbẹ̀bẹ̀. Mi ò lè pẹ́ nídìí rẹ̀, nítorí ohun tí mò ń rí. Mi ò yí ẹ̀sìn padà o, Ìyá mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀. Jésù tí ẹ fi kọ́ mi ni mo ṣì ń pè. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ka ìwé mímọ́ mìíràn ló jẹ́ kí n mọ irú ẹni tí mo jẹ́, mi ò sì lè máa gba oríyìn pé èmi ni mo fi ọ̀nà hàn wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn pé ẹ ti ra gèlè funfun kan, pé ẹ ń wá ẹni tó ń bọ̀ ní London tí ẹ máa fi rán, kí Mọ́mì Savitri lè wé e lọ́jọ́ ìrìbọmi wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Kò sí ìrìbọmi kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi rán ẹnikẹ́ni. Ẹ tún bọ́ síwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ ka lẹ́tà yìí fún wọn bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ má sì fo ibì kankan nítorí mi. Mo mọ̀ pé ojú máa tì yín, èmi ni mo sì fà á. Wọ́n á bi yín pé ta ni kí àwọn wá máa gbàdúrà fún báyìí. Ẹ dárúkọ mi.

Ọlọ́run á dá ẹ̀yin àti Bàbá sí fún wa, ẹ ó fi ọwọ́ ara yín gba àwa ọmọ yín padà sílé ní ayọ̀. Àìsàn ò ní wọlé tọ̀ yín. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó wọn, àwọn ará ilé, àti gbogbo ìjọ tí mo jẹ ní gbèsè òótọ́.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú ń tì,
Fọlákẹ́