Télọ̀ Tó Wá sí Ọ́fíìsì Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti fẹ́ rọlẹ̀, ewúrẹ́ wa sì ti bí méjì. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ.

Mo dé ilé láyọ̀ láti ibi iṣẹ́ yín. Ilé ńlá ni o! Ilẹ̀kùn onígíláàsì yẹn ṣí fúnra rẹ̀ kí n tó kàn án, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò dáhùn. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà fi káàdì kọ́ mi lọ́rùn, inú mi dùn, mo rò pé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ni, àfi ìgbà tí mo ń jáde tó ní kí n dá a padà, ni mo bá mọ̀ pé wọ́n ti dá mi dúró lọ́jọ́ kan náà.

O ṣeun tí o sáré sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. O gba ṣòkòtò méjì tí mo rán fún ọ, o fi há abíyá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá yín yọ, ó bi ọ́ pé ta ni bàbá yìí, o sì dáhùn kíá pé, "Télọ̀ mi ni, sà."

Mi ò bínú o. O ò purọ́. Láti ìgbà tí o ti ń rákòrò ni mo ti ń ránṣọ fún ọ, mi ò sì rántí pé o sanwó rí. Mo tẹríba fún ọ̀gá yín bí télọ̀ ṣe ń ṣe, mo pe ìwọ náà ní sà. Mo rí i pé ojú rẹ wálẹ̀. Iṣẹ́ ló rẹ̀ ọ́.

Nígbà tí o wọ yàrá kékeré tó ń gbé èèyàn lọ sókè yẹn, tó dà bíi pé kò gbà ju ẹnì kan lọ, ọ̀gá yín dúró tì mí. Ó yẹ ojú rírán ṣòkòtò ìdí mi wò, ó ní òun fẹ́ irú rẹ̀, ó mú mi lọ sí yàrá rẹ̀ kí n lọ wọn òun. Bóyá wọn ò tíì pè ọ́ wọbẹ̀ rí. Àwòrán bàbá kan wà lára ògiri, símẹ́ǹtì bo apá rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀gá yín ní bàbá òun nìyẹn, bíríkìlà ni, kò sì sí ẹni tó wọlé tí òun kì í fi hàn. Ó bi mí bóyá mo lọ́mọ nílùú yìí. Mo ní mo ní ọ̀kan, ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ ló dí débi tó ń gbàgbé ẹni tó bí i. Àánú mi ṣe é. Ó ní tí n bá mọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, òun á bá a sọ̀rọ̀. Mo ní kò jìnnà.

Ṣòkòtò ọ̀gá yín ti parí. Wá mú un lópin ọ̀sẹ̀, kí o fi lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ. Ó lè bi ọ́ bí télọ̀ rẹ ṣe wà. Ohun tó bá wá sí ọ lẹ́nu ni kí o sọ.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, jọ̀wọ́, bá mi wá owó ẹ̀rọ mìíràn. Kì í ṣe bí ọmọ o, má yọra rẹ lẹ́nu, bíi kọ́sítọ́mà ni. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù, èyí tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, mo gbọn fóònù náà títí, kọ́bọ̀ kan ò já bọ́.

Ọlọ́run á máa gbé ọ ga, títí wàá fi ga ju ìtìjú lọ.

Èmi ni,
Télọ̀ rẹ, ọkọ ìyá rẹ.