Màmá Teodolinda Riaño (1941–2023), Alágbàwí Koríko Etídò

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún ọdún 1941 ni a bí Màmá Teodolinda Riaño sí etí odò Pauto, ní ọ̀dàn Casanare, sínú ìdílé Olóògbé Eliseo Riaño, ògbólógbòó darandaran, àti Olóògbé Custodia Tumay. Àwọn ni àkọ́bí.

Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n lò nílé ẹ̀kọ́ àwọn sísítà. Ní 1962, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Olóògbé Anselmo Guío, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

A kò ní fi ọ̀rọ̀ 1984 pamọ́. Koríko ilẹ̀ àbúrò wọn, Bàbá Crisanto, ń pọ́n. Màmá rí àwọn kòkòrò tí kò tó orí abẹ́rẹ́ tí ń sáré kiri lójú ewé, wọ́n ní àwọn ni ọ̀daràn, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn fọ́n oògùn sí i. Àṣé ọdẹ ni àwọn asáré wọ̀nyẹn. Àwọn kòkòrò mìíràn tí ń rọra fa omi ewé mu ni wọ́n ń pa jẹ. Oògùn pa ọdẹ, kò ran àwọn tí ń fa ewé. Láàárín oṣù kan, koríko di funfun, ebi sì pa màlúù mọ́kànlá kú. Bàbá Crisanto kó lọ sí ìlú Yopal, wọn kò sì bá Màmá sọ̀rọ̀ fún ọdún márùndínlógójì.

Obìnrin onímọ̀ kan láti yunifásítì ló lo awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá láti fi ohun tí ọwọ́ Màmá ṣe hàn wọ́n. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí a bá fẹ́ dáná sun ọ̀dàn, Màmá a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọn a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí a dá koríko etídò sí kí àwọn kòkòrò ọdẹ tí ń gbé ibẹ̀ má baà jóná tán. Àwọn aláwàdà sọ wọ́n ní Ìyá Kòkòrò. Àwọn kan gbọ́. Olóríkunkun pọ̀ ju onígbọràn lọ. Ní ti ìgbàgbọ́, Màmá kì í pa àjọ̀dún Wúńdíá Mímọ́ ti Manare jẹ.

Ní oṣù Kejìlá 2019, Bàbá Crisanto padà sórí ilẹ̀ wọn, koríko sì tún ti ń pọ́n. Màmá, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ru ìdì koríko etídò lọ bá wọn lẹ́nu ọgbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ tún wá pa ìyókù ni?"

"Rárá o, Crisanto. Mi ò gbé oògùn wá. Irú àwọn tí mo pa nígbà yẹn ni mo kó wá dá padà."

Bàbá Crisanto ṣí ọgbà fún wọn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Màmá fi ń ru koríko lọ. Ilẹ̀ náà tutù padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Màmá ń retí lẹ́nu àbúrò wọn, wọn kò gbọ́ ọ. Ó dùn wọ́n, wọ́n sì sọ fún wa pé ó dun àwọn.

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún 2023. Wọ́n fi àwọn ọmọ wọn, Nubia, Orlando, Fidelina àti Evelio sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti àbúrò kan, Bàbá Crisanto, tí wọ́n rán wa ní iṣẹ́ yìí: "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti dárí jì wọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ọgbà. Ẹnu mi ló wúwo."

A ti kọ ọ́, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ sùn re.