Taya Rírọ̀ Tí A Béèrè, Afẹ́fẹ́ Tí A Kò Ní Kí Wọ́n Yọ

Yàrá Kẹfà, Àjà Kejì,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé,
Òpópónà Yunifásítì.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Fi Alùpùpù Díje fún Ìdárayá,
Ọ́fíìsì Abẹ́ Àga Ìwòran,
Pápá Ìdíje.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBẸ̀BẸ̀ LÓRÍ ÌDÁJỌ́ TÍ Ẹ ṢE FÚN OLÙDÍJE KẸTÀDÍNLÓGÚN, ÀTI Ẹ̀SÙN TÍ MO FI KAN ALÁTÁYÀ ẸNU GÉÈTÌ

1. Èmi ni àbúrò olùdíje kẹtàdínlógún, ẹni tí gbogbo yín mọ̀ sí Má-kánjú. Kì í ṣe pé kò lè sáré ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá wa ló máa ń kígbe ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ odi nígbàkígbà tó bá ń díje, àwọn tó kù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ó ń díje, èmi ni mo sì máa ń bá a gbé irinṣẹ́, tí mo máa ń di alùpùpù mú kó tó gùn ún. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ni mí nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. A kò tíì dé orí ẹ̀kọ́ tó kan rọ́bà, nítorí náà n kò ní sọ ohunkóhun nínú lẹ́tà yìí bí ọ̀mọ̀wé. Ohun tí mo rí, tí mo gbọ́, tí mo sì fọwọ́ kàn nìkan ni mo fẹ́ sọ.

2. N kò kọ irú lẹ́tà yìí rí, mo sì ti ya á tún kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí mo bá lo ọ̀rọ̀ tí kò yẹ sí àgbà níbì kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sí àìmọ̀kan, ẹ má kà á sí àfojúdi. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Ó ní kí n má bẹ̀bẹ̀ jù.

3. Nínú ìwé tí akọ̀wé yín fi ránṣẹ́ sí wa, ẹ ní ẹ ti yọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò nínú gbogbo ìdíje tó kù lọ́dún yìí, títí kan àṣekágbá. Ìdí tí ẹ fi lélẹ̀ ni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gun taya tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti àwọn ẹlòmíràn wewu. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ẹ tọ́ka sí ni gbólóhùn yìí: "Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé àwọn ni àwọn ní kí taya náà rọ̀." Èmi ni olùrànlọ́wọ́ náà. Òótọ́ ni pé mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kọ́ ni mo ní lọ́kàn.

4. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé oríṣi rọ́bà méjì ni wọ́n fi ń ṣe taya ìdíje. Ọ̀kan le, ó sì máa ń pẹ́ kó tó jẹ. Èkejì rọ̀, ó máa ń di ilẹ̀ mú dáadáa ní àárọ̀ tí ilẹ̀ bá tutù, ṣùgbọ́n kíákíá ló ń jẹ. Lórí pápá, "taya rírọ̀" ni gbogbo wa ń pe èkejì yìí, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú ilé, níbi tí a ti kọ́kọ́ gbọ́ èdè, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá ní taya rọ̀ nínú ilé, ohun tí à ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ ti jò kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún bàbá wa pé a fẹ́ ra taya rírọ̀, ó wo kẹ̀kẹ́ tó ń gùn lọ síbi iṣẹ́, èyí tí taya ẹ̀yìn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ fẹ́ fowó ra èyí tó rọ̀? Ẹ wá mú tèmi lọ́fẹ̀ẹ́." A rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà náà, mo ti ronú sí ẹ̀rín yẹn gan-an.

5. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ìlà ìforúkọsílẹ̀. Ó ní kí n yí wíìlì ẹ̀yìn lọ sọ́dọ̀ alátáyà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Pọ́ọ́kú, kó bá wa pààrọ̀ taya rẹ̀ tó ti jẹ. Abẹ́ pátákó ìgbìmọ̀ yín ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, òun nìkan ni ẹ sì fàyè gbà láti ta taya nínú ọgbà. Mo kí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Taya ẹ̀yìn tó rọ̀ la fẹ́." Ó ní ẹyọ kan ló kù, àti pé orí ló bá mi ṣe é. Ó fa taya kan yọ láti ẹ̀yìn tapólì. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì ń rùn bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pólíìṣì kùn. Mo fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé rárá.

6. Mo fẹ́ kí ó wà nínú àkọsílẹ̀ yín pé mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ó dà bíi pé èyí le." Ó dáhùn pé, "Ọmọ yunifásítì, òtútù ló mú un. Tí òtútù bá mú ìwọ náà, ṣé o kì í le ni?" Àwọn méjì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wọ taya náà sórí wíìlì, ó fún un ní afẹ́fẹ́, ó wá kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ ìró kan, "ṣíì", ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó dákẹ́. Mo bi í pé kí ni. Ó ní afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù sínú ọ̀pá ẹ̀rọ òun ni. Ó wá yí wíìlì náà kọjú sí mi, ó ní, "Ó yá, fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ṣó rọ̀ àbí kò rọ̀?" Mo tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ wọlé díẹ̀. Mo ní, "Ó rọ̀, sà." Ó ní, "Wọ́n ń kọ́ yín dáadáa níbẹ̀ yẹn."

Bóyá ẹlòmíràn ì bá ti bá a jiyàn. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbà ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni. Èékánná mi ní taya náà le, òun ní ó rọ̀, mo sì rò pé èékánná mi ló ṣì í.

7. Lẹ́yìn náà, ó fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ taya. Gẹ́gẹ́ bí òfin yín, taya tí alátáyà bá ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, ẹni tó ń yẹ alùpùpù wò kì í fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́. Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń wọn taya rẹ̀ fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí òfin yìí tó dé, rí àmì náà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ẹni tó ń yẹ alùpùpù wò rí i, ó ní ká kọjá. Gbogbo wa wo ṣọ́ọ̀kì, kò sẹ́ni tó wo taya. Kì í ṣe pé mò ń bá ìgbìmọ̀ wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà náà ló tún ń jẹ́rìí ọjà ara rẹ̀, n kò sì mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

8. Ní igun kẹta ìdíje náà, taya ẹ̀yìn yọ̀ lábẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Alùpùpù náà fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó wọ́ lọ bá àwọn ìdì koríko gbígbẹ, ẹ̀gbọ́n mi sì fi apá òsì ṣubú. Egungun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká rẹ̀ ló kán. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yà fún un. Nígbà tí mo sáré dé ibẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé ṣé kò sí ẹlòmíràn tó fara pa. Mo kọ èyí síbí nítorí pé ìwé yín ní kò ka ẹ̀mí ẹlòmíràn sí.

9. Ibẹ̀ náà ni alábòójútó pápá ti fi géèjì wọn taya. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó yẹ. Akoto ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ń gbé òun fúnra rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ aláìsàn. Alábòójútó bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí taya yìí rọ̀?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èyí tó rọ̀ la ní kí wọ́n fún wa." Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún alátáyà?" Mo ní èmi ni. Rọ́bà ni mo rò pé à ń sọ. Afẹ́fẹ́ ni òun ń sọ. Ọ̀gá Pọ́ọ́kú dúró tì wá. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ni, ohun tó sì sọ ni pé, "Ẹ ṣáà ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀."

10. Nígbà tí ìdíje tó tẹ̀ lé e dé, mo lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo fi ọ̀wọ̀ bi í ní ìdí tó fi yọ afẹ́fẹ́ taya wa. Kò sẹ́. Ó ní, "Rírọ̀ lo ní o fẹ́, mo sì jẹ́ kó rọ̀ fún ẹ. Irọ́ wo ni mo pa?" Ìyá tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹni tó ní kí o bá òun wá ìrọ̀rí tó rọ̀, ṣé òwú inú rẹ̀ lo máa yọ dànù?" Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni wọ́n ń rín. Ìyá olómi ti ní òun yóò wá sọ ohun tí òun gbọ́ níwájú yín tí ẹ bá ránṣẹ́ pe òun.

11. Taya náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, pólíìṣì ara rẹ̀ sì ṣí kúrò. Ó ti sán tín-ín-rín tín-ín-rín yí ká, bíi gìgísẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí wọ́n máa ń tẹ ọdún tí wọ́n ṣe taya sí, ẹnì kan ti fi nǹkan ha á títí ó fi tẹ́jú. Lójú tèmi, taya àtijọ́ tó ti gan ni wọ́n kùn, nígbà tí kò sì sí bí rọ́bà rẹ̀ ṣe lè rọ̀, wọ́n yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ kó lè rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń rà á. Mo lè ṣì í. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín kí ẹ rán ẹni tó mọ̀ ọ́n wá wò ó. Tí kò bá sí ẹni tí ẹ lè rán, èmi yóò yí i wá sí ọ́fíìsì yín.

12. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ohun kan rò pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ kí afẹ́fẹ́ taya òun dín kù kò ní gbé e lọ bá alátáyà. Yóò tẹ ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ taya, afẹ́fẹ́ yóò sì jáde. Ọ̀fẹ́ ni, bí bàbá wa ti wí.

13. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ gbé ìdájọ́ náà kúrò lórí ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà ní egungun rẹ̀ yóò ti san kí àṣekágbá tó dé. Ọwọ́ kan ló fi ń lọ aṣọ báyìí, lábẹ́ tábìlì ìlọṣọ, ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ kọ́ bí yóò ṣe gba igun kẹta, bí ẹni pé ìwé yín kò tíì dé. Kì í ṣe owó taya ni mo wá gbà. Ohun mìíràn tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ pe Ọ̀gá Pọ́ọ́kú wá sọ tẹnu rẹ̀ kó tó ta òmíràn fún ẹnikẹ́ni, kí ẹni tó ń ta taya má sì jẹ́ ẹni tó ń sàmì sí i mọ́. Bí àyè bá sì wà nínú ìwé òfin yín, ẹ jẹ́ kí a máa kọ "rọ́bà rírọ̀" lọ́tọ̀, kí a máa kọ "afẹ́fẹ́ tí kò tó" lọ́tọ̀.

14. Nígbà tí mo ka ìwé ìdájọ́ yín sí ẹ̀gbọ́n mi létí, ó ní, "Ṣé o rí i, kì í ṣe taya ló gbé mi ṣubú, ọ̀rọ̀ ni." N kò mọ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe. Bí ìgbìmọ̀ bá rí i pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ jìyà ọ̀rọ̀ náà, ẹnu mi ló ti jáde, kì í ṣe ẹnu tirẹ̀. Ẹ lè yọ èmi kúrò ní pápá. Kò sí ẹni tó ń wá wo ẹni tó ń gbé irinṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí alábòójútó tún ìbéèrè rẹ̀ bi mí. Kó bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n yọ afẹ́fẹ́ taya yìí?"

Rárá, sà. Kò sí ẹni tó tíì bi mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,

(ìbuwọ́lùwé)
Àbúrò Má-kánjú,
Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìn-ín-ní,
Olùrànlọ́wọ́ Olùdíje Kẹtàdínlógún.