Àtàǹpàkò Tí Ẹ̀rọ Ò Mọ̀

Adúmáadán, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, iṣẹ́ ò ní pa yín o. Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá rẹ ti fúyẹ́, ẹnu rẹ̀ nìkan ni ò sinmi. Bí ìlà lẹ́tà yìí bá wọ́, ojú ni o, kì í ṣe ọtí.

Ọ̀rọ̀ ojú náà ló délẹ̀ yìí. Dókítà ní òun á yọ nǹkan tó bo ẹyinjú mi lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, àmọ́ àfi kí n kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rọ kékeré kan kí fáìlì mi tó wà nínú kọ̀ǹpútà tó lè ṣí, kí ẹlòmíì má baà máa ka àìsàn mi bí ìwé ìròyìn. Nọ́ọ̀sì gan-an ń tẹ tiẹ̀ láràárọ̀ kó tó dá a mọ̀. Mo ní ìwọ ẹ̀rọ yìí mà ya aláìmoore o, o ò mọ ẹni tó ń nù ọ́ lójú lójoojúmọ́!

Mo tẹ̀ ẹ́, iná pupa. Mo nuwọ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, pupa. Mo kí i, mo ní ẹ kú iṣẹ́ sà, pupa náà ni! Ni nọ́ọ̀sì bá wo ọwọ́ mi, ó bi mí níṣẹ́ mi, mo ní alágbàfọ̀ ni mí, ó ní ọṣẹ ti fọ ìlà ìka mi dànù. Ó dùn mí, ọmọ mi. Aṣọ tí mo fọ̀ tó o fi kàwé náà ló fà á.

Ó ní kí n wá ọ̀rọ̀ àṣírí kan dípò ìka. Mo bá fi gbogbo ohùn pe orúkọ rẹ, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà gbọ́ràn dáadáa, gbogbo àwọn tó jókòó sì yíjú wò mí. Ó ní èyí ti bàjẹ́, kí n wá òmíì. Mo pe ti àbúrò rẹ, kó má baà jowú, mo pè títí dórí àbígbẹ̀yìn kí wọ́n tó bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́.

Ọ̀nà kan ló kù báyìí, kí ọmọ mi kan wá fi àtàǹpàkò tiẹ̀ dúró fún mi. Bàbá rẹ ní kó o tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kó o fi ránṣẹ́, àmọ́ wọ́n ní ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, kèrègbè sì ni ẹ̀rọ yìí.

Torí náà, owó oṣù yìí, má fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀ wá. Bó bá ṣẹ́kù, ra ọṣẹ bọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo rí ọ gbẹ̀yìn, bí wọ́n bá sì tú báńdéèjì ojú mi, ìwọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ mi láyọ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ, tí ẹ̀rọ ò mọ̀, àmọ́ tí ìwọ mọ̀.